Ẹnu Ọ̀nà Ni Kí O Kọ́kọ́ Yà: Bí O Ṣe Lè Fúnra Rẹ Kọ́ Iṣẹ́ Ètò Ìtàgé ní Èkìtì

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti kọ́kọ́ ṣe sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri àti ohun èlò tí a ń tò sórí ìtàgé fún eré. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kun ògiri ààfin. Mo ya ọnà sí i lára, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tọ́ etí rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kí mi kú iṣẹ́. Alẹ́ eré dé. Olorì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó wé gèlè ńlá, ó gbé àwo oúnjẹ kábíyèsí dání. Àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn mi kò ga tó, gèlè há. Ó ní kí òun bẹ̀rẹ̀ kọjá, ilẹ̀kùn tí mo ṣe kó máa ṣí sínú gbá a ní ìgbọ̀nwọ́, oúnjẹ dà sílẹ̀ níwájú ìtẹ́. Kò sẹ́ni tó tún rántí àwọ̀ wúrà mi lẹ́yìn ìyẹn.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, n kò ya ìtàgé kankan láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ya ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ta ló ń wọlé? Kí ló gbé dání? Kí ló wà lórí rẹ̀? Ṣé eré ló ń sá wọlé ni àbí ó ń rọra yọ́? Bí o bá ti mọ ìwọ̀nyí, ògiri, àga àti àwọ̀ yóò fúnra wọn wá ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Ẹni tí kò sí ní yunifásítì ni mo ń kọ èyí fún, tàbí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ mìíràn ló ń kọ́. Iṣẹ́ yìí ṣe é kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí àwọn baba wa ṣe kọ́ ọnà gbígbẹ́: kí o máa wò, kí o máa ṣe é, kí o bà á jẹ́, kí o tún un ṣe.

Kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀

Àwa ará Èkìtì ní olùkọ́ ètò ìtàgé kan tí kò ṣe ìtàgé rí láyé rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ni, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, tó sì kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà ńlá tó wà ní Chicago, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Wá a, kí o fi pẹ́ńsù yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ohun tí o máa rí nìyí. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ga jù ú lọ, ó sì tóbi jù ú lọ. Ọwọ́ olorì wà lára ìtẹ́. Àwọn tó wà níwájú ọba kéré, wọ́n rẹlẹ̀. Síbẹ̀, ojú rẹ kò ní kúrò lára ọba, nítorí àárín gbùngbùn ló wà, adé orí rẹ̀ sì ga ṣónṣó. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sára òpó yẹn, ṣùgbọ́n o ti mọ ẹni tó ń jọba, o mọ ẹni tó dì í mú lẹ́yìn, o mọ ẹni tó ń sìn ín. Gíga àti ìrẹ̀lẹ̀ ló fi sọ gbogbo rẹ̀. Bí o bá ní àpótí méjì péré tí gíga wọn kò dọ́gba, o lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lórí ìtàgé.

Tún wo àwọn ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà. Wọ́n gbé wọn lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, ilé ọnà British Museum ní London ni wọ́n sì wà títí di òní. Àwọn ènìyàn tó gbẹ́ sára ilẹ̀kùn náà yọrí síta gan-an, ìmọ́lẹ̀ ń bà lé wọn, òjìji wọn ń ṣubú sẹ́yìn wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí o bá yọ síta lára ògiri, ìbáà ṣe ìdajì ínǹṣì, yóò ní òjìji tirẹ̀. Ohun tí o kàn fi ọ̀dà yà kò ní òjìji. Láti ìjókòó tó wà lẹ́yìn pátápátá, òjìji ni ojú ń rí.

Ẹni kejì tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré àti olórí ẹgbẹ́ eré, tí wọ́n bí ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní 1925. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń káàkiri ìlú ni. Ohun tí kò bá wọ ọkọ̀ kò lè wọ eré wọn. Nígbà tó ṣe eré Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko ló ya ìtàgé rẹ̀. Ayàwòrán ni Nwoko, ó kọ́ ọnà ní Zaria, ó sì lọ kọ́ ètò ìtàgé ní Paris. Mo dárúkọ àwọn méjèèjì pa pọ̀ nítorí pé àwọn méjèèjì ló yẹ kó wà nínú rẹ: ẹni tó mọ̀ pé ọkọ̀ ń dúró, àti ẹni tó mọ ọnà.

Ya eré tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ

Má dúró de iṣẹ́. Mú ìtàn kan tí o mọ̀ dáadáa, kí o ya ìtàgé rẹ̀ sínú ìwé bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é.

Èyí tí mo máa ń gbé fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni ìtàn Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti ìbẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjì, ogun tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi kọ àjàgà Ìbàdàn láàárín 1877 sí 1893. Ibi mẹ́ta ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀: agbo ilé, ilé ajẹ́lẹ̀ (aṣojú Ìbàdàn), ibùdó ogun. Ìtàgé rẹ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24, ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 16, owó kò sì pọ̀. Báwo ni o ṣe máa ṣe é?

Ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, kà á fún adùn rẹ̀, má mú bírọ́ dání. Lẹ́ẹ̀kejì, mú ìwé, kí o fa ìlà sí i, kí o máa kọ gbogbo ìwọlé àti ìjáde: ta ni, láti ibo, síbo, pẹ̀lú kí ni. Ìwé yìí ni mò ń pè ní ìwé ẹsẹ̀, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ gbà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wá ohun tí ọwọ́ ń fọwọ́ kàn: àga, igbá, ìbọn, ọ̀pá, ẹní. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, tí kò sì sọ ibi tí a wà, yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ́kọ́ ṣe é, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yà. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú ló máa gbà láti pààrọ̀ wọn. Mo ní kó padà lọ wo ìwé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i pé nínú ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan wà tó ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá pẹ̀lú ìbínú. Ó wá fi férémù ilẹ̀kùn kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn ìtàgé, díẹ̀ sí apá òsì. Ní agbo ilé, ẹní ló fi ṣe aṣọ ìlẹ̀kùn. Ní ilé ajẹ́lẹ̀, ó ta aṣọ àrán sí i, ó sì gbé àpótí sábẹ́ àga kí ajẹ́lẹ̀ lè ga ju gbogbo wọn lọ. Ní ibùdó ogun, kò sí nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà náà mọ́, òfìfo lásán, ọgbà ọparun wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ariwo ìbọn tó bí orúkọ Kírìjì sì ń dún láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó fi hàn mí, mo dìde dúró. Ó ti di aṣètò ìtàgé.

Ṣe irú èyí mẹ́rin tàbí márùn-ún kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ eré.

Wọn gbọ̀ngàn kí o tó gba iṣẹ́

Níbi tí a wà yìí, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, gbọ̀ngàn ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti àgbàlá ni a ti sábà máa ń ṣeré. Èyí tí wọ́n kọ́ nítorí eré kò pọ̀. Nítorí náà, téèpù ni iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọn fífẹ̀ ìtàgé, jíjìn rẹ̀, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ gbọ̀ngàn, àti gíga àjà. Wọn ilẹ̀kùn tí ẹ máa gbà kó ẹrù wọlé. Mo ti rí ògiri tí wọ́n kàn tán tí kò gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọlé. Kọ ibi tí iná mànàmáná wà sílẹ̀, ibi tí fèrèsé wà, àti apá ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni eré. Wò ó bóyá ibi tí òṣèré máa fara pa mọ́ sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, tàbí o máa fi aṣọ dá a.

Lẹ́yìn náà, lọ jókòó. Èyí ṣe pàtàkì ju téèpù lọ. Jókòó sórí àga tó kángun sí òsì ní iwájú pátápátá, kí o wo ìtàgé. Bọ́ sí ti ọ̀tún. Lọ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, kí o ní kí ẹnì kan jókòó síwájú rẹ. Ní gbọ̀ngàn tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí ohun tó bá wà nílẹ̀. Bí òkú bá máa wà nínú eré, gbé e sórí àpótí tàbí ibùsùn. Bí ìyá bá máa kúnlẹ̀ sunkún, orí àtẹ̀gùn ni kó ti kúnlẹ̀.

Padà sílé, ya gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó láti òkè. Ìdajì ínǹṣì kan dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Àwọn ìwé òyìnbó a máa sọ pé kí sẹ̀ǹtímítà 4 dúró fún méítà kan, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà àti ínǹṣì ni àwọn káfíńtà wa ń wọ̀n, èdè wọn sì ni kí o sọ. Ìtàgé ẹsẹ̀ bàtà 24 yóò di ínǹṣì 12 lórí ìwé rẹ. Sàmì sí àwọn àga igun méjèèjì, fa ìlà láti ibẹ̀ gba etí ìtàgé kọjá. Ohunkóhun tó bá bọ́ sẹ́yìn ìlà yẹn, apá kan àwọn èrò kò ní rí i. Àṣìṣe mi kejì láyé nìyẹn: mo gbé ojúbọ kan sí igun kan, gbogbo ẹni tó jókòó sí apá ibẹ̀ sì ń gbọ́ ohùn babaláwo láìrí i.

Ohun kan tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú: ọ̀tún àti òsì ìtàgé, ti òṣèré ni, kì í ṣe ti èrò. Bí òṣèré bá kọjú sí èrò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún ìtàgé. Kọ ọ́ sórí ìwé rẹ ní gbogbo ìgbà kí ìjà má bàa wáyé.

Fi páálí kọ́ ilé kékeré

Ìwọ̀n yẹn náà ni kí o lò. Páálí núdùùsì tó, abẹ, gọ́ọ̀mù àti rúlà. Gé ènìyàn kan tó ga ní ínǹṣì 3, ìyẹn ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kí o sì máa gbé e káàkiri inú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹsẹ̀ rẹ. Fún un ní gèlè. Fún un ní igbá lórí.

Gbé ilé páálí náà lọ bá olùdarí eré, kí o má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Olùdarí tí kò lóye àwòrán rẹ máa lóye èyí. Ìbéèrè tó bá bi ọ́ níbẹ̀ kò ní di ìjà ní alẹ́ tó ṣáájú eré.

Kíkọ́ rẹ̀

Ibí ni kí a ti dúró díẹ̀, nítorí ibí ni owó ti ń lọ.

Ògiri orí ìtàgé kì í ṣe ògiri. Férémù pákó ni, tí a na aṣọ sí lára, tí àwọn ará ìtàgé ń pè ní fúláàtì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ní fífẹ̀, 8 ní gíga ni mo sábà máa ń ṣe é, nítorí ìwọ̀n pláíwúùdù odidi kan nìyẹn, ènìyàn méjì lè gbé e, ó sì wọ ọkọ̀. Gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wọ́n sábà máa ń ta pákó ní sọ́mìlì, nítorí náà ṣírò rẹ̀ kí o tó lọ: 8 àti 4 jẹ́ 12, kò sí èyí tó máa ṣòfò. Pákó ínǹṣì 2 sí 2 ló dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wo pákó kọ̀ọ̀kan láti orí rẹ̀ bí ẹni tó ń yìnbọn. Èyí tó bá wọ́, dá a padà. Ra èyí tó gbẹ. Pákó tútù yóò lọ́ nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́.

Bí a ṣe ń kàn án nìyí. To pákó gígùn méjì àti kúkúrú mẹ́ta sórí ilẹ̀ tó tẹ́: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín. Gé pláíwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ sí igun mẹ́ta, fi kan orígun kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn, kí o fi etí rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 1 sí etí férémù kí ògiri méjì lè pàdé láìsí àlàfo. Kí o tó kàn án pa, wọn ìdábùú láti orígun dé orígun, kí o sì wọn èkejì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù rẹ kò ṣe gẹ́lẹ́. Fi pákó kan dábùú igun kan kó má baà mì.

Aṣọ tẹ́rù ni mò ń nà sí i. Nà á láti àárín lọ sí etí, kì í ṣe láti etí kan lọ sí èkejì. Lẹ́yìn náà, se sítáàṣì gbágùúdá kó ṣàn bí ògì tí a ń mu, fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kùn ún. Bó bá ti ń gbẹ, aṣọ á máa fà, á le bí awọ ìlù. Àwọn kan ń fo èyí, wọ́n ń kun ọ̀dà tààrà. Ọ̀dà púpọ̀ ni aṣọ náà máa mu, á sì máa mì nígbàkigbà tí ẹnì kan bá kọjá.

Ògiri kì í dúró fúnra rẹ̀. Ṣe ẹsẹ̀ onígun mẹ́ta sí i lẹ́yìn, fi híńjì dè é kó ṣe é ká, kí o gbé àpò iyanrìn lé e. Ògiri tó ní ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ní méjì. Tì í pẹ̀lú èjìká rẹ. Bó bá mì, èrò yóò rí i, ìgbàgbọ́ wọn yóò sì mì pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 7 ní gíga, 3 ní fífẹ̀, fún ẹni tó wé gèlè tàbí tó dé fìlà abetí-ajá. Bí egúngún tàbí ẹlẹ́ẹ̀pà, ẹni tó ru ère ẹ̀pà sórí, bá máa kọjá, lọ wọn ẹ̀kú tàbí ère náà fúnra rẹ̀. Ère ẹ̀pà a máa ga débi pé o lè má fi àtẹ́rígbà sí i rárá, kí ó jẹ́ òpó méjì lásán. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí sí ẹ̀yìn ìtàgé, kí híńjì rẹ̀ sì wà ní apá tí kò ní bo òṣèré tó ń wọlé.

Àtẹ̀gùn: ínǹṣì 6 tàbí 7 ni kí gíga ìgbésẹ̀ kan jẹ́, kí ibi ìtẹ̀ rẹ̀ tó ínǹṣì 10 ó kéré tán, kí gbogbo wọn sì dọ́gba. Ẹsẹ̀ máa ń rántí. Bí ìgbésẹ̀ kan bá yàtọ̀, òṣèré á kọsẹ̀. Pèpéle tí ènìyàn máa jó lórí rẹ̀, má jẹ́ kí pákó tó gbé e nísàlẹ̀ jìnnà síra ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ fò lórí rẹ̀.

Bọ̀wọ̀ fún káfíńtà. Mo lọ bá baba kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, mo kó àwòrán mi fún wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé yóò dúró?" Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Yóò dúró, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé e?" Wọ́n fi àmì sí ibi mẹ́ta tí mo ti lè dín pákó kù. Ìdá mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ló lọ. Láti ìgbà náà, n kò ra pákó láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ fi ìwé mi hàn wọ́n.

Ohun tó wà nílẹ̀ wa sì pọ̀ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àpò kòkó tí a tú, tí a rẹ sínú ọ̀dà pupa-rúsúrúsú, tí a sì lẹ̀ mọ́ ògiri ní gìrágìrá, yóò dà bí ògiri amọ̀ tó ti gbó. Ní Èkìtì, kò ṣòro rí. Ẹní Ògòtún lè ṣe ògiri, ilẹ̀kùn, tàbí òrùlé. Ìkòkò Ìṣàn gidi sàn ju èyí tí o fi páálí ṣe lọ, nítorí pé ó ń dún bí ìkòkò. Ọparun ń ṣe ọgbà, òpó, àti àga. Odó nìkan ni mi ò kì í fi ayédèrú ṣe. Bí wọ́n bá ń gúnyán nínú eré ní Èkìtì, ẹ gún un lẹ́yìn ìtàgé pẹ̀lú odó gidi. Èrò á ti mọ̀ bó bá jẹ́ irọ́.

Àwọ̀ àti iná

Má kun ògiri ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọ̀ kan máa ń kú lójú èrò. Kun ìpìlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ kó gbẹ, kí o wá fi kànrìnkàn tẹ àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dà fa èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ògiri dúdú ju òkè rẹ̀ lọ, bí ògiri tí òjò ti ta ẹrọ̀fọ̀ sí lára. Sún sẹ́yìn lọ síbi àga tó gbẹ̀yìn kí o tó ní ó dára tàbí kò dára. Iṣẹ́ tó rí wúruwùru nítòsí sábà máa ń rẹwà láti òkèèrè, èyí tó sì mọ́ fínnífínní nítòsí kì í hàn rárá.

Àwọ̀ tí o rí lọ́sàn-án kọ́ ni èrò máa rí lálẹ́. Aró lábẹ́ iná pupa tàbí iná aláwọ̀ ọsàn yóò di dúdú. Àwọ̀ ewé lábẹ́ iná pupa náà bẹ́ẹ̀. Iná pupa kò ní ohun tó máa ta padà lára wọn, ìdí nìyẹn. Mo ti fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó rẹwà gan-an ta ẹ̀yìn ìtàgé rí, iná dé, gbogbo ọnà ara rẹ̀ sì wọmi. Gé aṣọ kékeré àti pákó tí o kùn, gbé wọn sábẹ́ iná tí ẹ máa lò, lálẹ́, kí o tó ra èyí tó kù.

Bí ẹ kò bá ní iná ìtàgé, iná fìlọ́ọ̀dù méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, láti iwájú, tí wọ́n ga ju orí òṣèré lọ, tó láti bẹ̀rẹ̀. Má fi iná sílẹ̀ ní iwájú tààrà nìkan. Á tẹ́ ojú òṣèré pẹrẹsẹ bí ìwé. Iná tó bá ń gbóná gbọ́dọ̀ jìnnà sí aṣọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà níta, jìnnà sí fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó rùn sí i. Má jẹ́ kí wáyà tó bọ́ra kan ilẹ̀. Fi garawa iyanrìn méjì àti ohun èlò ìpaná sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, kí o sì sọ ibi tó wà fún gbogbo ènìyàn. Fìtílà oníná gidi lórí ìtàgé tí aṣọ yí ká, n kì í gbà á. Gílóòbù kékeré tó ń lo bátìrì wà nínú àwọn fìtílà mi, kò sì sẹ́ni tó ti ráhùn rí.

Ìdánrawò, àti òkùnkùn

Má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ eré ni òṣèré máa kọ́kọ́ bá sẹ́ẹ̀tì rẹ pàdé. Níbi ìdánrawò, fi ṣọ́ọ̀kì tàbí eérú ya ògiri, ilẹ̀kùn àti àtẹ̀gùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n gidi. Jókòó síbẹ̀, kí o máa wo ẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń tẹ ìlà kan náà lójoojúmọ́, ìlà rẹ ni kò tọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn.

Ìpààrọ̀ ìran ni ibi tí ọ̀pọ̀ eré wa ti ń kú. Kọ orúkọ sí nǹkan kọ̀ọ̀kan: ta ló ń gbé e wọlé, ta ló ń gbé e jáde, ibo ló ń gbé e sí. Fi téèpù funfun kékeré sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ àga wà. Pa iná, kí ẹ ṣe é nínú òkùnkùn, kí o máa fi aago kà á. Tó bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ, mo máa ń yọ nǹkan kan kúrò nínú sẹ́ẹ̀tì náà. Tàbí kí onílù gbà á, kí ìpààrọ̀ náà wà lójú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ijó. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn alárìnjó, àwọn òṣèré àtijọ́ tó ń káàkiri ìlú, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Níbo ni o ti máa rí iṣẹ́

Yunifásítì Èkìtì ní Adó àti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ń ṣeré. Lọ wo wọ́n. Lẹ́yìn eré, bá ẹni tó wà nídìí sẹ́ẹ̀tì, kí o ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u." Kò sẹ́ni tó máa lé ọ, nítorí pé ó ti rẹ gbogbo wọn. Nígbà tí o bá ń tú u ni o máa rí bí wọ́n ṣe kàn án: ibi tí wọ́n ti lo ìṣó, ibi tí wọ́n ti lo okùn, ohun tí wọ́n fi pa irọ́ tí o gbà gbọ́ láti orí àga rẹ. Alẹ́ ìtúsẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kọ́ mi ju ọdún kan tí mo fi ń wo fídíò lọ.

Lẹ́yìn náà, eré Kérésìmesì àti Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ìkádìí ọdún ní ilé ẹ̀kọ́, eré àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Gba kékeré. Sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ iye tí ohun èlò máa náni, kí o yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ rẹ, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí méjèèjì fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ kan jẹ mí lówó pákó fún oṣù mẹ́jọ nítorí pé ẹnu lásán ni a fi sọ ọ́.

Ya fọ́tò láti orí àga èrò nígbà tí eré ń lọ, pẹ̀lú òṣèré nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀tì òfìfo kò fi iṣẹ́ rẹ hàn. Kó o pọ̀ mọ́ àwòrán rẹ, ìwé ẹsẹ̀, fọ́tò ilé páálí, àti iye tí o ná. Kọ ohun tó bàjẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí o tó sùn.

Má sì da sẹ́ẹ̀tì nù. Yọ ìṣó, na án pẹ̀lú òòlù, kà á sínú agolo. Fọ aṣọ tẹ́rù tàbí kí o kun òmíràn lé e. Férémù ilẹ̀kùn tí mo kàn lẹ́yìn ọ̀ràn gèlè olorì yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 3, ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà ààfin, ti ilé ẹjọ́, ti sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá, àti ti ilé ẹran níbi tí wọ́n ti bí Jésù. Ó fara ti ògiri yàrá mi báyìí, àwọ̀ mẹ́fà wà lórí ara wọn lára rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a máa gbé e lọ sí Ìkọ̀lé.